Bí ẹ ṣe lè fi The Kid han àwọn ará ilé yín tí ẹnikẹ́ni ò ní sùn lọ

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbé fíìmù yìí sí tẹlifíṣọ̀n nílé wa, ogún ìṣẹ́jú ò pé tí pálọ̀ fi dá páropáro. Ọ̀kan lára àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní òun fẹ́ lọ mumi, kò padà wá mọ́, èkejì ti fa fóònù yọ, Màmá mi nìkan ló kù lórí àga, òun náà ti ń tòògbé. Inú bí mi gan o, mo ní àwọn èèyàn yìí ò mọ ohun tó dáa. Àṣé èmi ni mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e kalẹ̀. Lẹ́yìn bí oṣù méjì mo tún un ṣe, lọ́tẹ̀ yìí wọ́n rẹ́rìn-ín títí inú fi ń dùn wọ́n, ẹnì kan sunkún gidi, Màmá dẹ̀ ní kí n dá a padà sẹ́yìn kí òun tún ibì kan wò. Ǹkan tí mo yí padà láàárín ìgbà méjèèjì ni mo fẹ́ kọ síbí, kí ẹ̀yin má bàa jẹ irú ìyà tí mo jẹ.

The Kid, fíìmù Charlie Chaplin ni, 1921 ló jáde ní Amẹ́ríkà. Dúdú àti funfun ni, kò sẹ́ni tí ẹ máa gbọ́ ohùn ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, orin nìkan ló wà níbẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ tó máa ń yọ lójú tẹlifíṣọ̀n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Chaplin ló kọ ìtàn ẹ̀, òun ló darí ẹ̀, òun náà ló ṣe tálákà tó rí ọmọ he. Ṣáájú ìgbà yẹn fíìmù kéékèèké ló máa ń ṣe, èyí ni àkọ́kọ́ tó gùn gidi tó darí fúnra ẹ̀. Àmọ́ ká sọ tòótọ́, ẹni tó gbé fíìmù yẹn ni ọmọ kékeré inú ẹ̀, Jackie Coogan. Los Angeles ni wọ́n bí i sí, October 26, 1914, kò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ya fíìmù náà ní 1919. Bàbá ẹ̀ máa ń jó lórí ìtàgé, ọmọ náà máa ń bá a gun orí ìtàgé, ibẹ̀ ni Chaplin ti fojú rí i tí ojú ẹ̀ ò dẹ̀ kúrò lára ẹ̀ mọ́. Nígbà tí fíìmù jáde, ọmọ tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ lánàá di ẹni tí gbogbo ayé ń pariwo orúkọ ẹ̀.

Ó yá, ibi tí ìṣòro mi ti bẹ̀rẹ̀ ni ẹ̀dà tí mo lò, torí náà ibẹ̀ la ti máa bẹ̀rẹ̀. Oríṣi méjì ló wà. Ti 1921 gangan, ó tó ìṣẹ́jú 68. Ní 1971 Chaplin, ẹni ọdún 82 nígbà yẹn, tún un gbé jáde, ó gé díẹ̀ kúrò, pàápàá lára ibi tí ìyá ọmọ ti ń dá ronú, ó dẹ̀ fúnra ẹ̀ kọ orin sí i. Èyí ò ju ìṣẹ́jú 53 lọ. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ fẹ́ wò ó, ẹ wo èyí tó gùn. Tó bá jẹ́ ará ilé, pàápàá àwọn tí wọn ò wo irú ẹ̀ rí, ẹ lọ wá ti 1971, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ń pe ara ẹ̀ ní ọ̀mọ̀wé fíìmù bú yín, Chaplin tó ni ín ló gé e.

Ti 1921 yẹn, òfin Amẹ́ríkà ò dáàbò bò ó mọ́, ẹnikẹ́ni ló lè gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìdí nìyẹn tí ẹ̀dà burúkú fi pọ̀ bí eṣú. Èyí tí mo kọ́kọ́ rí, ẹnì kan ti gbé orin tí wọ́n ń lù ní kílọ́ọ̀bù lé e lórí, bí ìyá ṣe ń sunkún lórin ń lu gbì gbì gbì. Ó tún wá sáré ju bó ṣe yẹ lọ. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí kámẹ́rà nígbà yẹn, torí náà tí wọn ò bá fara balẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gbé e sórí kọ̀ǹpútà, ẹsẹ̀ àwọn èèyàn á máa sáré. Ọ̀nà tí mo fi ń yẹ̀ ẹ́ wò báyìí ò le: ẹ wo ìṣẹ́jú kan níbi tí ẹnì kan ti kàn ń rìn lọ jẹ́jẹ́, tó bá ń rìn bí ẹni tí ìjàlọ wọ̀ ní ṣòkòtò, ẹ fi ẹ̀dà yẹn sílẹ̀. Ìkejì, ojú àwòrán ẹ̀ ò fẹ̀ bíi ti òde òní, ó fẹ́ rí bí onígun mẹ́rin tó dọ́gba, tẹlifíṣọ̀n ìwòyí á dẹ̀ fẹ́ fà á kó lè kún ojú ẹ̀. Tí ẹ bá rí i pé Chaplin sanra, kò sanra o, tẹlifíṣọ̀n yín ló fà á, ẹ lọ sí sẹ́tíǹgì kí ẹ yí i sí 4:3, àyè dúdú á yọ lápá ọ̀tún àti apá òsì, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ gbà á sílẹ̀ sórí fóònù tàbí láptọ́ọ̀pù ṣáájú, ẹ má fi dátà ṣe é lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀rín Chaplin, bí ìlù ló rí, tó bá dúró láàárín kó máa yí bírí bírí, ẹ̀rín náà ti kú nìyẹn. Ẹ dẹ̀ ṣe páńkéèkì sílẹ̀, mi ò ṣàwàdà, ẹ máa rí ìdí ẹ̀ níwájú.

Ibi tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí mò ń kọ yìí nìyí. Màmá mi ò gbọ́ òyìnbó. Gbogbo fíìmù òyìnbó tí a ti wò rí nílé, ṣe ni a máa ń túmọ̀ fún wọn, "ó ní òun máa pa á," "ó ní kó má pa òun," kí a tó túmọ̀ ẹyọ kan wọ́n ti sọ mẹ́ta kọjá. Nígbà àkọ́kọ́ yẹn mo ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú The Kid, mo ń ròyìn gbogbo ẹ̀, "Màmá, ẹ wò ó, ó ti gbé ọmọ náà, ẹ wò ó, ọlọ́pàá ti ń bọ̀." Nígbà tó yá Màmá wò mí, wọ́n ní, "Ṣé o rò pé mi ò lójú ni?" Ó dùn mí díẹ̀, àmọ́ òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ojú ni wọ́n ṣe fíìmù yẹn fún. Ìyá àgbà tí kò gbọ́ òyìnbó àti ọmọ iléèwé tó ń gbọ́ ọ, ǹkan kan náà ni àwọn méjèèjì ń rí, kò sẹ́ni tó ní àǹfààní ju ẹnì kejì lọ, ó ṣọ̀wọ́n o.

Torí náà, ẹ yan ẹnì kan ṣoṣo tó máa ka àwọn ọ̀rọ̀ tó ń yọ, kí ẹni yẹn kà á ní Yorùbá tààrà, kó má ka òyìnbó kó tó túmọ̀, kó dẹ̀ dákẹ́ kí àwòrán tó padà. Ọ̀rọ̀ yẹn ò pọ̀. Èyí tó kọ́kọ́ yọ, ohun tí mo sọ ni "Fíìmù ẹ̀rín ni o, bóyá omi ojú díẹ̀ náà." Èyí tí wọ́n fi ìyá hàn, mo ní "Obìnrin tí ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀ ò ju pé ó bímọ." Ìwé tí ìyá fi sára ọmọ, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fẹ́ràn ọmọ òrukàn yìí, ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀." Ìyẹn náà ti tó. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá ló kà á lẹ́ẹ̀kejì, mo kọ Yorùbá ẹ̀ sí bébà fún un ṣáájú, inú ẹ̀ dùn débi pé kò rántí fóònù rárá.

Ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù ló máa ń lé àwọn èèyàn lọ, ẹ mọ̀ ọ́n báyìí. Chaplin ò tètè yọ. Ìyá ọmọ ni ẹ máa kọ́kọ́ rí, Edna Purviance ló ṣe é, ó ń gbé ọmọ jáde nílé ìwòsàn, ojú ẹ̀ fà ro, ẹ tún máa rí bàbá ọmọ, ayàwòrán ni, fọ́tò obìnrin yẹn já sínú iná lọ́wọ́ ẹ̀, ó kọ́kọ́ mú un jáde, ó wò ó, ó tún sọ ọ́ padà sínú iná. Ibi tí àwọn tèmi ti dìde nìyẹn. Oògùn ẹ̀ ni kí ẹ sọ gbólóhùn kan kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́: "Obìnrin yìí bímọ, kò sí ẹni tó máa bá a tọ́ ọ, ó fẹ́ gbé e sínú mọ́tò olówó kan, ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí mọ́tò yẹn." Ó parí. Àwọn olè á jí mọ́tò náà, wọ́n á rí ọmọ nínú ẹ̀, wọ́n á gbé e sí ẹ̀gbẹ́ dọ́sìbíìnì nínú kọ̀rọ̀, láti ibẹ̀ lọ ẹ ò ní ní láti bẹ ẹnikẹ́ni kó jókòó.

Ní kọ̀rọ̀ yẹn ni Chaplin ti ń bọ̀, pẹ̀lú ọ̀pá ẹ̀, wọ́n ń da ìdọ̀tí lé e lórí láti òkè, ó ń rìn bí ọba. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ síbẹ̀. Ẹ wo ọwọ́ ẹ̀. Ìbọ̀wọ́ tó wọ̀ ti ya débi pé ìka ẹ̀ wà níta, síbẹ̀ ṣe ló rọra ń bọ́ ọ ní ìka kọ̀ọ̀kan, bíi gbajúmọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òde ńlá dé. Ó wá fa agolo kan yọ, kùkùté sìgá tí àwọn èèyàn mu kù ló wà nínú ẹ̀, ó ṣà wọ́n wò, ó yan ọ̀kan. Màmá ní, "Òfò, ó ń ṣe fáàrí!" ẹ̀rín bú jáde, èmi ò dẹ̀ tíì la ẹnu mi rárá.

Lẹ́yìn náà ló rí ọmọ, ó wo òkè lọ́dọ̀ àwọn tó ń da ìdọ̀tí, bí ẹni pé àwọn ló jù ú sílẹ̀. Ó fẹ́ fi sínú kẹ̀kẹ́ ọmọ obìnrin kan, obìnrin yẹn ò gbà, ọlọ́pàá yọ, ó tọrọ pé kí bàbá arúgbó kan bá òun gbé e díẹ̀, ó sá, bàbá náà lọ gbé e padà sínú kẹ̀kẹ́ kan náà, Chaplin ló wá jìyà ẹ̀. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó ṣí ideri gọ́tà. Ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ni, ó wo gọ́tà, ó wo ọmọ. Nílé wa Màmá ní "Olúwa má jẹ̀ẹ́!" wọ́n ti dìde dé ìdajì. Ó dé e padà. Ìwé inú aṣọ ọmọ ló wá rí, ó kà á, ó dẹ̀ gbé ọmọ lọ sílé. Fíìmù tó lè jẹ́ kí ẹ bẹ̀rù gọ́tà láàárín ẹ̀rín, ẹ máa fún un ní ọ̀wọ̀ ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ títọ́ ọmọ nílé yẹn, àwọn abiyamọ ló máa rẹ́rìn-ín jù síbẹ̀. Aṣọ tó so bíi jangilọ́fà ló fi ṣe bẹ́ẹ̀dì ọmọ, ìkòkò kọfí tó ki rọ́bà bọ̀ lẹ́nu ló fi ṣe fídíìngì bọ́tù, àga tó gbẹ́ ihò sí láàárín tó wá gbé àwo ìtutọ́ sábẹ́ ẹ̀ ló fi ṣe póò. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun ì bá ti mọ èyí nígbà tí òun bí àwọn ìbejì.

Ọdún márùn-ún kọjá, Jackie jáde. Ẹ jókòó dáadáa. Iṣẹ́ tí ọmọ àti Chaplin tó ti di bàbá ẹ̀ ń ṣe ni pé ọmọ á sọ òkúta lu fèrèsé onífèrèsé, á sá, bàbá á wá gba kọ̀rọ̀ yọ, gíláàsì wà lẹ́yìn ẹ̀, bí ẹni pé Ọlọ́run ló rán an, wọ́n á ní kó wá tún un ṣe. Ibì kan wà níbẹ̀ tí mo máa ń ní kí wọ́n fi ojú sọ́wọ́ ọmọ yẹn: ó fẹ́ sọ òkúta, ó fa ọwọ́ ẹ̀ sẹ́yìn, ọwọ́ ẹ̀ kan ǹkan kan, aṣọ ọlọ́pàá. Kò tíì yíjú o. Ọwọ́ nìkan ló ń fi wá a, ó ń fọwọ́ kàn án díẹ̀díẹ̀, ó wá wòkè. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ju òkúta yẹn sókè tó ń hán an, bí ẹni pé eré ló kàn ń ṣe, ó jù ú nù, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ọmọ tí kò tíì mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà ló ń ṣe ìyẹn. Chaplin á kọ́kọ́ ṣe é fún un bó ṣe fẹ́ kó rí, ọmọ á sín in jẹ, àwọn tó bá wò ó lẹ́ẹ̀kejì á rí i pé ìgbọ̀nwọ́ àti èjìká Chaplin gangan ló wà lára ọmọ yẹn. Mo ní kí àwọn ọmọ wa gbìyànjú ẹ̀, pé kí wọ́n fi ọwọ́ nìkan fi hàn mí pé wọ́n ti mọ ẹni tó wà lẹ́yìn wọn. Kò ṣeé ṣe. Wọ́n kàn ń rẹ́rìn-ín.

Páńkéèkì wá tẹ̀lé e. Ọmọ ló wà nídìí iná, bàbá wà lórí bẹ́ẹ̀dì tó ń kàwé, ọmọ ń pè é bí ìyàwó ṣe ń pe ọkọ ọ̀lẹ, bàbá yọ orí láàárín ihò tó wà nínú búláńkẹ́ẹ̀tì, ó di aṣọ ìgúnwà. Wọ́n pín páńkéèkì lọ́gbọọgba. Ẹ gbé tiyín jáde lásìkò yìí, ẹ ní kí ọmọ tó kéré jù pín in. Tiwa kéré díẹ̀, wọ́n fẹ́ jà, àmọ́ kò sẹ́ni tó kúrò ní pálọ̀.

Tí iná bá wá lọ láàárín, tí ẹ ń dúró de jẹnẹrétọ̀, ẹ fi ìtàn yìí gbà wọ́n: Chaplin àti ìyàwó ẹ̀ Mildred Harris ń kọ ara wọn sílẹ̀ nígbà tí fíìmù yìí ń parí, ẹ̀rù ń bà á pé àwọn agbẹjọ́rò máa gbẹ́sẹ̀ lé e, ló bá kó gbogbo fíìmù tí wọ́n ti yà kúrò ní California lọ sí Salt Lake City, inú yàrá òtẹ́ẹ̀lì ló ti jókòó gé e tó lẹ̀ ẹ́. Àwọn àgbà fẹ́ràn èyí gan, torí ọ̀rọ̀ ọkọ àti aya ni.

Ibi tí ẹ gbọ́dọ̀ múra sílẹ̀ fún ni ibi tí àwọn ará ilé ọmọ òrukàn ti wá gbé ọmọ lọ. Ọmọ náà ṣàìsàn, dókítà wá mọ̀ pé Chaplin kọ́ ni bàbá ẹ̀, ló bá fẹjọ́ sùn. Wọ́n ju ọmọ náà sẹ́yìn mọ́tò akẹ́rù, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, ó ń bẹ̀bẹ̀, ẹ ò gbọ́ ohùn ẹ̀ àmọ́ etí yín á gbọ́ ọ. Ọmọ ọdún méje tó wà nílé wa fa etí ìró Màmá bo ojú, ó ń yọjú láti abẹ́ ẹ̀. Àwọn kan máa ń sọ ọ́ ṣáájú pé "wọ́n máa gbà á padà o". Èmi ò fara mọ́ ọn, àyàfi tí ọmọ ò bá tíì pé márùn-ún. Ẹ jẹ́ kó dùn wọ́n. Chaplin ti ń sáré lórí òrùlé, kò ní pẹ́ fò sínú mọ́tò yẹn, nígbà tí wọ́n bá dì mọ́ra wọn, ẹni tí ẹ ò kìlọ̀ fún ló máa pariwo jù.

Ẹ má sọ àṣírí ẹkún yẹn fún wọn kó tó parí. Lẹ́yìn fíìmù, ẹ lè sọ fún àwọn àgbà pé Chaplin fúnra ẹ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀ pé inú ọmọ náà dùn jù lọ́jọ́ yẹn, kò lè sunkún, bàbá tó bí Jackie gangan ló wá halẹ̀ mọ́ ọn pé tí kò bá sunkún wọ́n máa mú un lọ sílé àwọn aláìní lóòótọ́. Mi ò fẹ́ràn ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti gbọ́, mi ò dẹ̀ tíì mọ ohun tí màá ṣe sí i, torí ẹkún yẹn ṣì máa ń mú mi. Ẹ tún sọ fún wọn pé Chaplin náà mọ ibi tí wọ́n ń gbé ọmọ yẹn lọ: kò ju ọmọ ọdún méje lọ nígbà tí òun àti ìyá ẹ̀ wọ ilé àwọn aláìní ní Lambeth, ní London, tí wọ́n tibẹ̀ mú un kúrò lọ́dọ̀ ìyá. Ní July 1919 dẹ̀ ni ọmọ tí òun àti Mildred bí kú lọ́mọ ọjọ́ mẹ́ta, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ fíìmù yìí.

Ibi àlá, tí gbogbo àdúgbò ti di áńgẹ́lì, tí ajá náà níyẹ̀ẹ́, ó falẹ̀ díẹ̀. Ẹ lò ó láti fi bu omi, kí àwọn tó fẹ́ tọ̀ lọ tọ̀. Kí wọ́n ṣáà ti padà kí ìlẹ̀kùn ìkẹyìn tó ṣí.

Tí ó bá parí, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n máa bi yín: ọmọ yẹn ńkọ́? Ẹ má purọ́. Jackie ṣe fíìmù tó pọ̀ lẹ́yìn ẹ̀, owó tó pa ní kékeré tó mílíọ̀nù mẹ́ta sí mẹ́rin dọ́là, nígbà tí dọ́là ṣì jẹ́ dọ́là. Bàbá ẹ̀ kú nínú jàǹbá ọkọ̀ ní 1935, ìyá ẹ̀ fẹ́ ọkùnrin tó ń bá wọn bójú tó owó, nígbà tí ọmọ dàgbà tó ní kí wọ́n kó owó òun wá, wọ́n ní owó wo. Òfin California nígbà yẹn ni pé owó tí ọmọ kékeré bá pa, ti òbí ni. Ó pè wọ́n lẹ́jọ́ ní 1938, $126,000 péré ló bọ́ sí i lọ́wọ́. Ariwo ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí wọ́n ṣe òfin ní 1939 pé kí wọ́n máa fi nínú owó ọmọ òṣèré pamọ́ fún un, orúkọ ẹ̀ ni wọ́n ṣì ń pe òfin náà dòní, ó ti di ìdá 15 nínú 100 báyìí. Màmá gbọ́ ọ tán, wọ́n mi orí, wọ́n ní, "Ìyá tó bí i lọ́mọ?" Wọ́n tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì.

Kí ẹ má bàa fi ìyẹn sùn, ẹ wá fọ́tò Uncle Fester ti The Addams Family tí wọ́n ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n láti 1964 sí 1966, bàbá tó párí, tí ojú ẹ̀ jìn wọnú, tó ń ki gílóòbù bọ ẹnu tí gílóòbù náà á tàn. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ọmọ onífìlà ńlá yẹn. Jackie Coogan náà nìyẹn. Àwọn tiwa gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n fẹ̀ ẹ́ sí ojú, wọ́n fẹ̀ ẹ́ sí imú, èyí tó kéré ní irọ́ ni mò ń pa, pé kí n tún fíìmù yẹn tàn kí òun wo imú ọmọ yẹn dáadáa.